Ọgọ́sàn-án Fọ́nrán Òwú

Bí o bá dé Ìsẹ́yìn láti ra aṣọ òfì, iye tí ahunṣọ bá kọ́kọ́ dá lé e kì í ṣe iye aṣọ. Ìkíni ni. Ó dá a lé e kí o lè já a wálẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí o sì lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé o gbọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ èyí ní Ìsẹ́yìn. Samsudeen, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọmọ Ṣakí tó ti pẹ́ ní Èkó, ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Ó dúró lẹ́nu àtíbàbà tí Rùkáyàt ti ń hun aṣọ, ó tọ́ka sí ìró kan tó ní àwọ̀ aró àti funfun, tó fẹ́ rà fún ìyá rẹ̀.

"Èló ni èyí?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà," ni Rùkáyàt wí, ó sì múra sílẹ̀ de ogójì tí ọkùnrin náà yóò kọ́kọ́ sọ.

"Ẹ fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì yín."

Kí Rùkáyàt tó mọ ohun tí yóò ṣe, fóònù rẹ̀ ti dún, owó ti wọlé, ọkùnrin náà ti ká aṣọ rẹ̀ sábẹ́ apá, ó ní òun dúpẹ́, ó sì ti lọ.

Ó jókòó sídìí òfì, ó gbé ọ̀kọ̀ òwú sọ sápá ọ̀tún, ó gbé e sọ sápá òsì, òwú já lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ni aṣọ náà. Ogójì tó lé lórí rẹ̀, kò jí i, kò sì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ bí a ti ń bá oníbàárà tó ń ná ọjà jù ṣe, àti bí a ti ń ṣe sí ẹni tó fẹ́ rà láwìn. Kò kọ́ ọ ní ohun tí à ń ṣe sí ẹni tí kò ná an rárá. Ó dìde, ó gun ọ̀kadà.

Ó bá a ní ilé epo tó wà lọ́nà Ṣakí, ó tò sáàárín ọkọ̀ mẹ́jọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba owó yín."

"Kí ló dé? Ẹ kò ta aṣọ náà mọ́ ni?"

"Ẹ kò ná an."

"Ṣé ó di dandan ni?"

"Kò di dandan. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ kàn sọ pé ó wọ́n jù, ẹ ó san ogójì."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣe àwàdà. Kò ṣe àwàdà. "Ó wọ́n jù," ni ó wí, "n ó san ogójì."

"Kò gbà. Ẹ fi kún un."

"Márùndínláàádọ́ta."

"Ẹ̀gbọ́n, a kì í fi márùn-ún kún un nígbà tó ṣì jìnnà báyìí," ni awakọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn bá dá sí i. "Ẹ fò ó sí ọgọ́ta kí ẹ lè rí ibi dúró sí."

Nígbà tí epo fi kàn án, wọ́n ti dé ọgọ́rin, àwọn tó tò lẹ́yìn ti ń pàtẹ́wọ́, Rùkáyàt sì ti fi ogójì ránṣẹ́ padà sí i. Samsudeen gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ti ń ná ata ni.

*

Oṣù mẹ́jọ ni ó fi ń kọ́ ọ. Bí ìrun ìrọ̀lẹ́ bá ti parí, fóònù á dún, Rùkáyàt á fi etí àti èjìká gbá a mú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kúrò lára òfì. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, kò pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ó ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í purọ́, pé ó máa ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, pé kò lè jẹun láìbèèrè bóyá òun náà ti jẹun. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ètò orí fóònù ni ó ń ṣe fún àwọn tó ní owó ní báńkì. Bí owó ènìyàn bá ti ń tán láìtọ́jọ́, ètò náà yóò ké sí i létí. Wọ́n ń san mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà fún un lóṣù.

Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí owó náà ń lọ. Bó bá di ọjọ́ kejìlélógún oṣù, Samsudeen á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á ní gààrí ni òun fẹ́ràn jù láyé. Nígbà mìíràn Rùkáyàt á dá ọwọ́ dúró lórí òfì, á máa rò ó: ṣé ọkùnrin tí owó ń sá fún báyìí ni yóò kó òun kúrò nídìí iṣẹ́ òun, lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń ra omi ìwẹ̀? Lẹ́yìn náà á rántí bó ti ń ná aṣọ nílé epo pẹ̀lú òógùn lójú, ẹ̀rín á sì gbé e lọ.

Ó tó àkókò láti sọ fún àwọn òbí. Nílé tiwọn, ọkùnrin kì í fúnra rẹ̀ bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó; alárinà ni ó ń gbé e lọ, gbé e bọ̀. Àbúrò bàbá Rùkáyàt, Àǹtí Misturat, ni wọ́n fi ṣe é. Ẹnu rẹ̀ dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ilé karùn-ún sí ti bàbá ni ó ń gbé, síbẹ̀ owó ọkọ̀ tó ń gbà lọ́wọ́ Samsudeen tó ti ẹni tó ń lọ Ìgbẹ́tì lójoojúmọ́.

"Ọkọ wa," ni ó sọ fún un lórí fóònù, "mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ọkàn rẹ̀ le bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n mo ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o mọ̀. A kì í ka ohun tí a bá fún àna. Bí o bá kà á, o ti gbà á padà nìyẹn."

Samsudeen ní òun gbọ́. Ìyá rẹ̀ náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

*

Bàbá Rùkáyàt ti hun aṣọ fún ogójì ọdún. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí o bá fi aṣọ kan hàn án, á fi àtàǹpàkò rìn ín já láti etí dé etí, á sọ iye fọ́nrán òwú tó wà níbẹ̀ fún ọ, kò sì ní fi ẹyọ kan ṣì. Samsudeen dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Sàrátù, ìyá Rùkáyàt, gbé omi wá. Àǹtí Misturat jókòó láàárín bí adájọ́.

"Wọ́n ní o kò ná aṣọ ọmọ mi," ni bàbá fi bẹ̀rẹ̀.

"Mo padà ná an, Bàbá."

"Nílé epo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wọ́n ní ètò kan ni o ń ṣe, tó ń kígbe bí owó bá ń tán. Ṣé ó wà nínú fóònù ìwọ náà?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Mo ti pa ohùn rẹ̀ ni."

"Èé ṣe?"

"Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Nínú owó oṣù tó kọjá, èló ló kù?"

Samsudeen yọ fóònù, ó wò ó, ó tún un wò. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé díẹ̀."

"Lọ́nà mélòó?"

"Lọ́nà kan, Bàbá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà."

Adìyẹ kan wọlé, ó rí i bí ọ̀rọ̀ ti rí, ó jáde.

"Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún wà lábẹ́ ẹní mi," ni bàbá wí. "Mo lówó jù ọ́ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Gbọ́ mi dáadáa. Adéwùmí tó ń ta búlọ́ọ̀kù lọ́nà Ọ̀yọ́ ti wá bá mi nítorí ọmọ yìí. Adéwùmí a máa ná iyọ̀. N kò fẹ́ràn ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fọkàn tán ọwọ́ rẹ̀. Mo fún ọ ní oṣù mẹ́ta. Ní ìparí rẹ̀, wá fi hàn mí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ ṣẹ́kù. N kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Kí n ṣáà ti rí i. Bí n kò bá rí i, kí o fi ọmọ mi sílẹ̀ fún ẹni tó ń ná iyọ̀."

*

Oṣù kìíní, kò sí nǹkan tó kù. Iléyá bọ́ sínú rẹ̀, Àǹtí Misturat sì pè láti sọ pé àgbò tí àna bá fi ránṣẹ́ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ ń wò. Oṣù kejì, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló kù.

Rùkáyàt pè é lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta. Kò kí i.

"Bí mo bá fẹ́ hun aṣọ, kí ni mo kọ́kọ́ ń ṣe?"

"O máa ń gbálẹ̀."

"Samsudeen."

"O máa ń ta òwú sílẹ̀."

"Mo máa ń ka òwú kí n tó ta á. Iye tí mo bá kà ni ìbú aṣọ. N kò lè dé àárín kí n wá rántí pé mo fẹ́ pupa sí i. Tí mo bá fi pupa kún un, funfun ló ń yọ. Ìwọ, ńṣe lo jókòó sídìí òfì, o ń fa òwú èyíkéyìí tó bá wà nítòsí, tí aṣọ bá wá tán ẹnu á yà ọ́. Wò ó, owó oṣù rẹ jẹ́ ọgọ́sàn-án ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ìbú aṣọ òfì kan tí mo máa ń hun jẹ́ ọgọ́sàn-án fọ́nrán. Fọ́nrán kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Sọ iye tí ohun kọ̀ọ̀kan bá jẹ fún mi bí oṣù bá parí, n ó ta á gẹ́gẹ́ bó ti rí. Bàbá mi ò lè ka fóònù. Ó lè ka aṣọ."

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?" ni Samsudeen bi.

"Ta ni yóò kọ́ mi? Mo ronú sí i nígbà tí o ń yin gààrí lánàá ni."

Oṣù yẹn, Samsudeen gbìyànjú. Ó kúrò nínú ilé ìdárayá tó ti ń sanwó rẹ̀ fún ọdún méjì, tó sì ti wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìgbà kan nínú rẹ̀ láti yàgò fún òjò. Ó ra ìkòkò. Ó se ìrẹsì, ó jóná, ó jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lẹ́kí pè é síbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, ó ní kí wọ́n já a sí méjìlá kí òun tó wá. Wọ́n rò pé àìsàn ń ṣe é.

Nígbà tí oṣù parí, ó ka iye ohun kọ̀ọ̀kan fún Rùkáyàt, tí òun sì ń ka òwú sọ́tọ̀ lórí ẹní.

Owó ilé ní Lẹ́kí: mílíọ̀nù mẹ́fà lọ́dún, èyí tó já sí àádọ́ta fọ́nrán lóṣù. Pupa. Iná, dísù jẹnẹrétọ̀ àti owó àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọ̀ aró. Ọkọ̀ àti epo rẹ̀: méjìlélógún. Dúdú. Oúnjẹ, pẹ̀lú ìkòkò tuntun: ogún. Àwọ̀ ewé. Fóònù àti ìnáwó orí rẹ̀: mẹ́jọ. Àwọ̀ eérú. Ọ̀rẹ́ àti ìgbádùn: mẹ́fà. Àwọ̀ àlùkò. Èyí tó kù: mẹ́rin. Funfun.

Rùkáyàt rò ó pọ̀. "Kò pé. Ó ku márùndínláàádọ́ta."

"Ilé nìyẹn."

"O ti ka owó ilé."

"Ilé ní ìtumọ̀ ìlú wa. Àwọn ará ilé."

"Márùndínláàádọ́ta? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé Lẹ́kí. Ṣé ìyá rẹ ni?"

"Mẹ́jọ ni ti ìyá mi."

"Mẹ́tàdínlógójì ńkọ́?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìrẹsì tó jóná. Wọ́n ti jọ ń sọ̀rọ̀ fún ọdún kan ó lé. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó yí ọ̀rọ̀ padà fún un.

"Samsudeen, ìyàwó mélòó lo ní ní Ṣakí?"

"N kò ní ìyàwó kankan. Rùkáyàt, n kò lè sọ ọ́. Kì í ṣe pé n kò fẹ́. N kò lè sọ ọ́ ni."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó mú òwú aláwọ̀ ìyeyè, èyí tó ń tàn yòò jù nínú gbogbo òwú tó ní, ó ka márùndínláàádọ́ta, ó sì tò ó sí àárín gbùngbùn aṣọ, níbi tí ojú kò ti lè fò ó. Ó so ìdí òwú mọ́ igi tí òkúta wà lórí rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ẹrù. Bí a bá ti ń hun aṣọ lọ, ẹrù náà á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀, bí ẹni tó ń mú ìròyìn bọ̀. Rùkáyàt hun ún láìsọ̀rọ̀. Lójú rẹ̀, obìnrin kan ti ń se ọbẹ̀ ní Ṣakí. Obìnrin náà pupa, ó sì mọ aṣọ wọ̀. Nígbà tí ẹrù fi dé ìtòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, obìnrin náà ti bí ìbejì.

*

Bàbá tẹ́ aṣọ náà sórí itan. Ó ti gbọ́ ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún, ó sì fi àtàǹpàkò rìn ín já láìyára.

"Pupa yìí, àádọ́ta. Yàrá mélòó?"

"Mẹ́rin, Bàbá."

"Ènìyàn mélòó?"

"Èmi nìkan."

"Mẹ́ta nínú rẹ̀, ta ló ń sùn níbẹ̀?" Kò dúró de ìdáhùn. Ó kọjá lórí aró, ó kọjá lórí dúdú. Ó dé orí funfun. "Mẹ́rin. Méjìdínlógún ni mo ní kí o mú wá." Àtàǹpàkò rẹ̀ padà sí àárín, ó dúró. "Ta ni aláwọ̀ ìyeyè yìí?"

Samsudeen tẹ orí ba.

Àǹtí Misturat dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé omi kaná. N ó padà wá."

"Jókòó, Misturat. Ìwọ ni alárinà. Mo bi ọ́ léèrè, ọmọ Ṣakí: ta ni?"

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n má dáhùn èyí."

"Ó parí nígbà náà. Iyọ̀ nìkan ni Adéwùmí ń fi pamọ́."

Rùkáyàt wo ọkùnrin tó ná aṣọ pẹ̀lú òun nílé epo, ó sì rí i pé yóò dìde, yóò lọ, yóò sì gbé ohun tó ń fi pamọ́ náà lọ. Bí ìyàwó bá wà, kí òun kúkú gbọ́ orúkọ rẹ̀.

"Gbé fóònù rẹ wá," ni ó wí.

"Rùkáyàt..."

"Gbé e wá."

Ó gbé e fún un. Rùkáyàt wá ibi tí owó tó jáde ti ń hàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"Ọjọ́ kejì oṣù: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Misturat. Owó ọkọ̀." Ó tún un kà nínú ara rẹ̀. Ìyàwó Ṣakí àti ìbejì rẹ̀ parẹ́ lójú ẹsẹ̀. "Ọjọ́ karùn-ún: àádọ́rin. Misturat. Páànù òrùlé Bàbá."

Gbogbo wọn gbójú sókè. Ọ̀run ń wò wọ́n láti inú ihò mẹ́ta nínú páànù àtijọ́.

"Ọjọ́ kọkànlá: ọgọ́ta. Misturat. Eyín Bàbá."

Bàbá fi ahọ́n wá inú ẹnu rẹ̀ yíká. "Eyín wo?"

"Ó ń bọ̀ wá dùn yín ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni Misturat wí. "Bí mo ti ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, mo mọ̀."

"Ọjọ́ kẹrìndínlógún: àádọ́rùn-ún. Ajílẹ̀ oko Bàbá."

"Ta ló lóko?" ni Sàrátù bi, torí pé láti ìgbà tó ti fẹ́ ọkọ rẹ̀, ahunṣọ ni, kò roko rí.

"Ogúnjọ́: àádọ́fà. Sàráà, kí ọkàn Bàbá lè rọ̀."

Adìyẹ ọjọ́ yẹn tún yọ orí sínú ilé. Kò sẹ́ni tó lé e.

"Misturat," ni bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́, "fírísà ńlá tó dé sílé rẹ ńkọ́, èyí tí o ní ẹgbẹ́ fi ta ọ́ lọ́rẹ?"

"Fírísà tí ẹ ń mu omi tútù nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Èyíinì?"

Bàbá wúkọ́.

"Ẹ̀yin náà kúkú lẹ sọ ọ́ níwájú mi pé òrùlé ń jò. Lójú mi ni. Ẹ tún un sọ. Ta lẹ rò pé ẹ ń sọ fún?"

"Ọlọ́run ni mò ń sọ fún."

"Ó gba ọwọ́ mi dáhùn ni."

Sàrátù bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìborùn, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá yíjú sí Samsudeen. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́? O fẹ́ jẹ́ kí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Wọ́n ní a kì í ka ohun tí a fún àna, Bàbá."

Ọkùnrin arúgbó náà tún gbé aṣọ náà. Ó bo aláwọ̀ ìyeyè mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, ó ṣí i, ó tún un bò. "Yọ mẹ́jọ ìyá rẹ, ó ku mẹ́tàdínlógójì. Fi mẹ́rin funfun kún un, ó di mọ́kànlélógójì. Méjìdínlógún ni mo béèrè. O ti ní i tẹ́lẹ̀, ó wà nínú fírísà ni." Ó tún wúkọ́. "Misturat, èyí tí o ti gbà, owó alárinà rẹ nìyẹn títí láé. Láti òní lọ, ẹsẹ̀ ni kí o máa fi wá láti ilé karùn-ún."

Rùkáyàt ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò tíì ṣe tán.

"Síbẹ̀, ó ku ohun kan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tí Misturat lè jẹ báyìí láti Ìsẹ́yìn, kí ni Èkó yóò ṣe fún un? Ó dára. Ẹrù ìdána: iṣu, oyin, iyọ̀, epo àti gbogbo ohun tó kù. Kí a má dá ara wa lágara, a ó gba owó dípò rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta."

Ọwọ́ Samsudeen ti ń lọ sídìí fóònù. Rùkáyàt rí i. Kò wúkọ́, kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó kàn ń wo ọwọ́ náà bí ó ti ń lọ, ọkàn rẹ̀ ń lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọwọ́ náà dúró.

"Bàbá," ni Samsudeen wí, òógùn sì ti bo iwájú orí rẹ̀ bíi ti ilé epo, "ó wọ́n jù."

Misturat di orí mú. "Ta ló ń ná ìdána?"

"Dákẹ́," ni bàbá wí. Ojú rẹ̀ ti ń tàn. "Èló lo fẹ́ san?"

"Ọgọ́rùn-ún kan àti àádọ́ta."

"Kò gbà. Fi kún un."

"Igba. Iṣu Ṣakí ni n ó gbé wá fúnra mi. Kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kí o sì gbé iṣu náà wá."

"Ẹ̀yin ẹbí mi," ni Rùkáyàt wí, "ṣé èmi lẹ ń ná yìí?"

"Iṣu àti oyin là ń ná," ni Samsudeen dá a lóhùn láìyí orí. "Ìwọ kò ṣe é ná. Igba àti àádọ́ta, Bàbá."

"Irinwó. N kò dín in kù mọ́."

Samsudeen dìde. Ó dúpẹ́, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wọ bàtà, ó sì ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó rí ọjà mìíràn níwájú. Ẹ̀rù ba Sàrátù, ó dì mọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan Samsudeen ti wà níta kí bàbá tó pè é, bí ahunṣọ Ìsẹ́yìn ti ń pe oníbàárà láti ìgbà ìwáṣẹ̀:

"Padà wá. San ọ̀ọ́dúnrún, kí o máa mú un lọ."

*

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n fi yàrá mẹ́rin Lẹ́kí sílẹ̀, wọ́n gba yàrá méjì ní Ìkòròdú, pupa já láti àádọ́ta sí méjìdínlógún. Samsudeen tún ṣí ohùn ètò orí fóònù rẹ̀. Rùkáyàt gbé òfì sí pálọ̀. Nítorí pé òwú gùn, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹni tó bá fẹ́ bu omi mu gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè. Aṣọ tó ń hun níbẹ̀ ń tà dáadáa ní Èkó, owó rẹ̀ sì wọ inú ìkà náà. Bí owó oṣù bá dé, àwọn méjèèjì á jókòó sórí ẹní, wọ́n á ka òwú aṣọ oṣù náà, Rùkáyàt á sì hun ún. Funfun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà sọ́tọ̀, kí pupa tó rí i. Nígbà mìíràn wọ́n á jà lórí àwọ̀ àlùkò. Oṣù kẹsàn-án, àwọ̀ ewé fẹ̀ lójijì, torí pé Rùkáyàt ti ń jẹun fún ẹni méjì.

Nígbà tí ọdún yípo, ó rán aṣọ méjìlá náà pọ̀ sójú kan, ó sì fi í ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Bàbá pè wọ́n lọ́jọ́ tó dé.

"Mo ti fi àtàǹpàkò rìn ín," ni ó wí. "Funfun yín dára. Àwọ̀ ìyeyè yìí, mẹ́rìnlá lóṣù. Mẹ́jọ ti ìyá Ṣakí. Ta ló ni mẹ́fà?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," ni Samsudeen wí.

"Ó tín-ín-rín díẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Bàbá."

"Òótọ́ ni. N kò béèrè nǹkan kan o." Wọ́n ń gbọ́ bí yìnyín ti ń ró nínú ife rẹ̀. "Mo kàn ní kí n sọ fún yín pé òjò rọ̀ lánàá, inú yàrá ni mo ti wẹ̀."

Samsudeen wo Rùkáyàt. Rùkáyàt gbé ìka kan sókè, fọ́nrán kan nìyẹn, ó rò ó, ó tún gbé ọ̀kan sí i.

"Páànù mélòó, Bàbá?" ni Samsudeen bi.

"Mẹ́wàá."

"Ó pọ̀ jù. A ó ra mẹ́rin."

"Fi kún un," ni bàbá wí, wọ́n sì gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ó ti fìdí lélẹ̀ dáadáa lórí àga.